Edward Blyden: Ẹni Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Òyìnbó Kọ̀, Tí Ó Di Ọ̀jọ̀gbọ́n Èdè Látìn

Àwọn àgbà tí wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ìbáà ṣe ní Ìlú Bìní, ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, kò jẹ́ gbàgbé èdè Látìn. Èdè tí ẹnikẹ́ni kò fi ná ọjà mọ́, tí kò sí ìyá tí ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún, ni wọ́n ń há sórí. Bí ó bá sì bọ́ lórí ọmọ, pàṣán ni yóò rán an létí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbà pé òyìnbó nìkan ni ó mọ ìdí tí adúláwọ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n adúláwọ̀ kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní èdè náà ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ìdí tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti òyìnbó. Ẹni náà ni Edward Wilmot Blyden.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1832 ni a bí i ní erékùṣù St. Thomas, ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì, èyí tí ó wà lábẹ́ ìjọba Denmark nígbà náà. Òwò ẹrú ni ó gbé àwọn baba ńlá rẹ̀ dé ibẹ̀, ẹrú sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn adúláwọ̀ erékùṣù náà ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n bàbá àti ìyá tirẹ̀ ti di òmìnira. Télọ̀ ni bàbá, olùkọ́ ni ìyá. Ọmọ náà sì kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àlùfáà òyìnbó kan, John Knox, ni ó ṣàkíyèsí pé làákàyè rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1850 ni Blyden dé ọ̀hún. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ kàn kọ̀ ọ́, àwọn mìíràn náà sì kọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé tó. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ rí láàárín àwọn ọmọ wọn. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin líle lórí mímú àwọn ẹrú tí ó sá lọ, tí ó fi jẹ́ pé adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú pàápàá kò lè fọkàn balẹ̀ ní ìgboro. Blyden bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Monrovia ní Làìbéríà ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1851. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni.

Ohun tí Amẹ́ríkà fi dù ú ni ó wá gbà ní Áfíríkà. Ní ilé ẹ̀kọ́ Alexander ní Monrovia, ó kọ́ Látìn àti Gíríìkì, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Hébérù kí ó lè ka Májẹ̀mú Láéláé ní èdè tí a fi kọ ọ́, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ pé Bíbélì fi adúláwọ̀ gégùn-ún. Ní ọdún 1858 ó di àlùfáà àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí a ṣí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga ti Làìbéríà ní ọdún 1862, tí Roberts tí ó ti ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè náà rí jẹ́ olórí rẹ̀, Blyden ni a fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n Látìn àti Gíríìkì.

Ní ọdún 1881, lẹ́yìn tí òun náà ti di olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga náà, ó ṣàlàyé ní gbangba ìdí tí ọmọ adúláwọ̀ fi gbọ́dọ̀ ka ìwé àwọn ará Róòmù. Ó ní láti ìgbà tí òwò ẹrú ti gbilẹ̀ ni ìwé àwọn òyìnbó ti kún fún ẹ̀gàn adúláwọ̀, àti pé ọmọ Áfíríkà tí ó bá ń mu nínú odò yẹn lójoojúmọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́gàn ara rẹ̀ láìmọ̀. Àwọn ará Róòmù àti Gíríìkì àtijọ́ ti kọ ìwé tiwọn tipẹ́ kí òwò náà tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè fi ìwé wọn pọ́n ọpọlọ rẹ̀ bí ẹní pọ́n àdá, kí ó má sì bá májèlé pàdé níbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ará Róòmù kó ẹrú, wọ́n sì kó o lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wo àwọ̀ kí wọ́n tó mú ni lẹ́rú. Terence, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ eré tí ó dára jù lọ ní èdè Látìn, Áfíríkà ni ó ti wá, ẹrú sì ni kí olówó rẹ̀ tó dá a sílẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí ni a ti bí Augustine.

Blyden kò fi Látìn dá nìkan wà. Ní ọdún 1866 ó lọ sí Lẹ́bánónì láti kọ́ èdè Lárúbáwá, nígbà tí ó sì padà dé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí àárín ilẹ̀ Áfíríkà ti ń kàwé, wọ́n sì ti ń kọ̀wé kí òyìnbó tó dé. Ó fẹ́ kí a kọ́ àwọn èdè Áfíríkà pẹ̀lú. Ó fẹ́ kí a kó ilé ẹ̀kọ́ gíga náà kúrò létí òkun lọ sí àárín ilẹ̀ níbi tí àwọn onílẹ̀ wà, kí a sì gba àwọn ọmọbìnrin síbẹ̀. Ìwọ̀nba ni èyí tí wọ́n jẹ́ kí ó ṣe nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí òyìnbó lé, àwọn èèyàn rẹ̀ náà tún lé e. Ní Làìbéríà ìgbà náà, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà lára wọn kò fẹ́ràn kí aláwọ̀ dúdú ṣáṣá ṣe olórí. Nígbà tí Roye, ọ̀rẹ́ Blyden tí ó jẹ́ adúláwọ̀ pọ́ńbélé, di ààrẹ, wọ́n fẹ̀sùn kan Blyden pé ó ń bá ìyàwó ààrẹ náà ṣe àgbèrè. Ní ọdún 1871, àwọn jàǹdùkú fi okùn wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní ìgboro Monrovia, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n pa á, ó sì sá lọ sí Sàró. Kí a má parọ́, ẹnu Blyden pàápàá mú. Ó ti ń kọ̀wé sí Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má fi àwọn aláwọ̀ pupa ránṣẹ́ sí Làìbéríà mọ́, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í tán nínú ẹni tí a sọ ọ́ sí. Síbẹ̀ ó tún padà síbẹ̀, ó ṣe aṣojú Làìbéríà ní Lọ́ndọ̀nù, ó sì du ipò ààrẹ ní ọdún 1885, ṣùgbọ́n wọn kò dìbò fún un tó. Ọdún 1887 ni ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù bọ̀wọ̀ fún adúláwọ̀ ju bí àwọn míṣọ́nnárì ti ń ṣe lọ. Àlùfáà ni ó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi ìjọ Presbítérìà sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú.

Èkó kò ṣàì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1891, ó sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé Breadfruit lórí bí àwọn adúláwọ̀ yóò ti ní ìjọ tiwọn láìsí òyìnbó lórí wọn. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ará Èkó kan ti dá irú ìjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, Mọ́jọlá Agbebí sì wà lára wọn, ẹni tí ó jọ̀wọ́ orúkọ òyìnbó rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1896 àti 1897, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Blyden síṣẹ́ ní Èkó láti máa bójútó ọ̀ràn àwọn ọmọ ilẹ̀, pàápàá ẹ̀kọ́ ìwé àwọn Mùsùlùmí. Ibí yìí ni ó ti ṣòro láti gbè é. Ó gbà pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe Áfíríkà lóore, bẹ́ẹ̀ ni oṣù kejì ọdún 1897 kan náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìlú Bìní, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n sì kó àwọn iṣẹ́ idẹ ààfin Ọba lọ.

Sàró ni ó ti lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti 1901 títí di 1906 ó jẹ́ alábòójútó ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí níbẹ̀, kò sì kó ọrọ̀ jọ. Freetown ni ó kú sí ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1912. Ìsìn àwọn Kristẹni ni a fi sin ín, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ni ó gbé pósí rẹ̀ jáde láti ilé rẹ̀.