Mary Kingsley: Obìnrin Tó Fi Àjẹ̀ Lu Ọ̀nì

Ṣé ẹ rántí ọ̀nà oko wa ní Upenmen, tí ewé bá mì pẹ́nrẹ́n, tí kálukú á dúró gbọnin? Ìyẹn ló mú mi rántí Mary Kingsley, ẹni tí ó fojú kan ẹkùn nínú igbó tí ó sì padà wálé.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 1862. Dókítà ni bàbá rẹ̀, arìnrìn-àjò sì ni. Wọn kò fi Mary sílé-ìwé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n náwó lé lórí títí dé yunifásítì Cambridge. Ẹ̀kọ́ èdè Jámánì nìkan ni wọ́n sanwó rẹ̀ fún òun. Ìwé bàbá rẹ̀ ló ń kà nínú ilé, tí ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, títí àwọn òbí méjèèjì fi kú ní 1892.

Ní 1893 ó wọkọ̀ òkun wá sí Áfíríkà. Ní ìparí 1894 ó tún padà wá. Ó dé Calabar, ó pàdé Mary Slessor níbẹ̀, ó sì kọjá lọ sí Gabon, ó ń kó ẹja jọ fún British Museum.

Lọ́jọ́ kan nínú irà etí òkun, omi fà, ọkọ̀ ọpọ́n rẹ̀ kò sì ríbi gbà jáde mọ́. Ọ̀nì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdí ọkọ̀. Mary sáré sí iwájú kí ọkọ̀ má baà dojú dé, ó sì fi àjẹ̀ lù ú nímú gbàm̀. Ọ̀nì padà sẹ́yìn!

Lọ́jọ́ mìíràn, ìjì ká a mọ́ inú igbó. Ó fà dé ẹ̀bá àpáta, àfi ẹkùn! Kò ju ọ̀pá méjì lọ sí i. Ẹkùn náà dijú, ó ń kùn sí ìjì ní tiẹ̀. Mary lúgọ títí ẹkùn fi lọ. Lóru ọjọ́ kan ẹ̀wẹ̀, ẹkùn kan ń bá ajá jà. Ó ju àpótí lù wọ́n; nígbà tí ẹkùn kọjú sí i, ó gbé ìkòkò omi, ó fọ́ ọ mọ́ ọn lórí.

Ó tún já sínú ọ̀fìn ọdẹ tí igi ṣóńṣó kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yẹ̀rì rẹ̀ tó nípọn ló gbà á là. Àwọn Fang tó ń bá a rìn ló fà á jáde.

Ó tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1897. Ní 1900 ó lọ tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Simon's Town, South Africa. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa á ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Wọ́n sin ín sínú òkun bí ó ti fẹ́.

Ẹja tó kó jọ wà nínú ìwé onímọ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹni tí wọn kò rán nílé-ìwé nìyẹn o! Bí a bá ti ń ka owó ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ ìpàdé yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọbìnrin tí wọ́n fi sílé kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè kàwé. Kò yẹ kí a tún pàdánù irú Mary ládùúgbò wa.