Olóyè Odùéyùngbò Kúkù, Balógun Ìjẹ̀bú-Òde

Ènìyàn ni aṣọ ìlú. Bí àwa ọmọ Ìjagun ti ń ronú nípa ìtẹ̀síwájú, ó yẹ kí a rántí Balógun Kúkù.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, ojú ogun parí fún àwọn akọni. Ní 1902 Balógun gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀lé e. Òun àti àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà ni a mọ̀ mọ́ ìkíni tí ó di Ojúde Ọba: ní ọjọ́ kẹta Iléyá, wọn a lọ kí Awùjalẹ̀. Ìbọn ogun di ìbọn ẹ̀yẹ.

Ó wàjà ní 1907. Lónìí, ẹlẹ́sìn gbogbo ń péjọ síbẹ̀. Ọba ló ni ààfin. Ará ìlú ló ni ẹ̀yẹ. Kí ni àwa yóò fi sílẹ̀?