Mọremí Àjàṣorò: Ìyá Tí Gbogbo Ifẹ̀ Di Ọmọ Fún

Ará Ìrẹ́mọ ní Ilé-Ifẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó dé Ẹnuwà, níwájú ààfin Ọ̀ọ̀ni. Ní agbègbè ààfin náà ni ère obìnrin kan wà tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì, Ọ̀jájá Kejì, ni ó gbé e kalẹ̀. Mọremí Àjàṣorò ni obìnrin náà. Kò sí ọmọdé Ifẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ni ó gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí a kì í sábà dúró lé lórí, èyí tí í ṣe ohun tí àwọn ará ìlú ṣe fún un nígbà tí ogun parí.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti fi yé wa, aya Ọ̀rànmíyàn, ọmọ Odùduwà, ni Mọremí. Arẹwà obìnrin ni, ọlọ́gbọ́n sì ni pẹ̀lú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bí, Olúorógbò ni orúkọ rẹ̀.

Ní ìgbà ayé rẹ̀, ìlú kò fara rọ. Àwọn ọ̀tá tí ìtàn pè ní Ìgbò a máa ya wọ Ilé-Ifẹ̀, wọn a kó oúnjẹ, wọn a kó ẹrù, wọn a sì kó ènìyàn ní ìgbèkùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀yà Igbo tí ó wà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà lónìí. Orúkọ ni ó jọra. Ìko àti koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n fi dà bí ẹbọra. Nígbà tí àwọn ará Ifẹ̀ bá rí wọn, wọ́n á rò pé ará ọ̀run ni ó dé, wọ́n á sì sá fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Kò sí bí akọni ṣe lè bá ohun tí ó rò pé kì í ṣe ènìyàn jà.

Mọremí pinnu láti wádìí irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́. Ó lọ sí etí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá rí àṣírí wọn, tí òun sì padà sílé láyọ̀, ohunkóhun tí odò bá béèrè ni òun yóò fi san oore náà. Nígbà tí àwọn ọ̀tá tún dé, tí gbogbo ènìyàn sá, kò sá. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n sì fà á lé ọba wọn lọ́wọ́. Ọba rí ẹwà rẹ̀, ó sì fi í ṣe aya. Ní ààfin yẹn ni Mọremí ti fara balẹ̀, tí ó la etí àti ojú rẹ̀ sílẹ̀, títí ó fi mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, àti pé ohun tí wọ́n fi ń bo ara lè gbiná wéréwéré. Bí ó ti rí ọ̀nà, ó sá padà sí Ifẹ̀, ó sì tú àṣírí náà fún àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀tá tún wá, ògùṣọ̀ tí ń jó ni àwọn ará Ifẹ̀ fi pàdé wọn. Ọjọ́ náà ni ìpayà tán ní ìlú.

Ìlú ń yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Mọremí kó màlúù àti àgùntàn lọ sí Ẹ̀sìnmìrìn, odò kò gbà. Olúorógbò ni ó béèrè. Ìyá tí ó ti fi ara rẹ̀ sí oko ẹrú nítorí ìlú wá fi ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní lélẹ̀. Ìtàn ni èyí, kò sì sí ẹni tí yóò gba irú rẹ̀ láyè lónìí. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ rí ni ó mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ Mọremí lọ́jọ́ náà.

Níbi yìí ni ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe ti hàn. Wọ́n bá a sunkún, wọ́n sì ṣèlérí pé láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo àwọn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni yóò máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Ìlérí tí ó wúwo ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọmọ kò fara sin. Ọmọ ni í pọn omi fún ìyá rẹ̀, tí í ṣẹ́gi fún un, tí í wọlé lówùúrọ̀ láti béèrè bí ó ti jí. Ọmọ ni í bọ́ ọ nígbà ogbó, òun náà ni í sì í sìnkú rẹ̀. Ogun lè parí ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìyá tí kò lọ́mọ mọ́ ń jí. Àwọn ará Ifẹ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìlérí wọn kò fi ní òpin.

Lọ́dọọdún ni Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Yunifásítì Èkó. Olóògbé Dúró Ládiípọ̀ náà fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé.

Láti ìgbà Mọremí wá, ogun kò tíì tán láyé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n jà nínú ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970, wọ́n lọ pẹ̀tù sí ìjà ní Kóńgò àti Làìbéríà, àwọn mìíràn sì wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà títí di òní. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn tí ó ṣubú lójú ogun. Ṣáájú ọjọ́ náà ni a máa ń ta àmì ìrántí kékeré tí a ń fi sí àyà, kí a lè fi owó rẹ̀ ran àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó dára kí a ra àmì náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ni ọmọ fi ń ṣe ọmọ. Ilé-Ifẹ̀ ní àdúgbò ńlá márùn-ún láti ìgbà ìwáṣẹ̀: Ìrẹ́mọ, tí Ọbalúfẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, Ìlódè, Mòòrè, Òkèrèwè àti Ìlàrè. Nínú àdúgbò wọ̀nyí, àti nínú gbogbo ìlú tí ó wà ní ìpínlẹ̀ wa, aya ológun lè wà tí ó ń dá tọ́ ọmọ, ìyá ológun lè wà tí fóònù rẹ̀ kò dún láti ọjọ́ pípẹ́, opó sì lè wà tí kò mọ ọ́fíìsì tí yóò gbé ìwé owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ lọ. Àáró àti ọ̀wẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá lè kàwé, kí ó bá opó náà ka ìwé rẹ̀, kí ó sì tẹ̀lé e lọ. Ẹni tí ó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ológun tí kò sí nílé, kí ó bá a ro díẹ̀ nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ ológun ní kíláàsì, kí ó ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ẹsẹ̀ méjì lọ, kí ó yà sí ilé náà lówùúrọ̀, kí ó béèrè bí wọ́n ti jí.