Samuel Oshoffa, Ará Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dájú pé ẹ ti rí àwọn onígbàgbọ́ tí ń wọ sùtánà funfun, tí wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Sẹ̀lẹ́. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá ni orúkọ ìjọ wọn. Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Samuel Bilewu Oshoffa ni ó dá a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀.

Ìbí rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 1909 ni wọ́n bí Oshoffa ní Àjàṣẹ́. Káfíńtà ni Joseph Ojo, baba rẹ̀. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí baba náà kọ́kọ́ bí kú, àfi obìnrin kan ṣoṣo. Ó wá bẹ Ọlọ́run fún ọmọkùnrin, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò fi ọmọ náà fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ ó rántí Hánà inú Bíbélì. Orúkọ ọmọ Hánà náà ni wọ́n sọ ọmọ yìí.

Mẹ́tọ́díìsì ni ìdílé wọn. Nígbà tí Samuel tó nǹkan bí ọmọ ọdún méje, baba rẹ̀ fà á lé kátíkíìsì ìjọ náà lọ́wọ́ kí ó tọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, ó padà sílé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Lẹ́yìn náà ni ó ń wọ inú igbó lọ wá igi dúdú tí ó níye lórí, tí ó sì ń tà á.

Ìjọ méjì ní ìlú kan

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí Oshoffa ṣe, ẹ ní láti mọ bí ọ̀rọ̀ ìjọ ti rí ní Àjàṣẹ́. Kí ọdún 1870 tó dé, àwọn fádà Ìjọ Àgùdà àti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ń wàásù níbẹ̀. Jésù kan náà ni wọ́n ń wàásù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò lórí ohun tí ìjọ tòótọ́ jẹ́.

Àwọn Àgùdà ní Jésù fi ìjọ lé Pétérù lọ́wọ́, Póòpù sì ni ó jókòó sí ipò Pétérù. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń gbé ọwọ́ lé fádà lórí. Báyìí ni oyè náà ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láti ayé àwọn àpọ́sítélì. Lójú wọn, ẹni tí ó bá yà kúrò ti fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dáhùn pé kì í ṣe bí oyè ṣe ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a fi ń mọ ìjọ. Ibi tí a bá ti ń wàásù ọ̀rọ̀ Bíbélì, tí a sì ń ṣe ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bí ó ti tọ́, ni ìjọ wà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni èyí. Ó kan ìgbéyàwó, ó kan ìsìnkú, ó kan ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò lọ. Ọmọ ìyá méjì lè máa gbé agbo ilé kan, kí ọ̀kan máa rò pé èkejì ti ṣìnà. Síbẹ̀ ìjọ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun méjì. Wọn kì í gba oníyàwó púpọ̀ wọlé ní kíkún, wọ́n sì kọ̀ kí onígbàgbọ́ lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dé, àwọn kan ń yọ́ lọ.

Ọdún 1947

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bo oòrùn, ilẹ̀ sì ṣú ní ọ̀sán. Inú igbó ni Oshoffa wà. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ohùn kan bí òun ti ń gbàdúrà. Ó pẹ́ nínú igbó kí ó tó padà sílé. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé nígbà tí ó dé, ó gbàdúrà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti kú, ọmọ náà sì jí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ó ní òun rí ìran, a sì rán òun láti dá ìjọ sílẹ̀, kí onígbàgbọ́ má baà máa sá tọ babaláwo lọ nígbà ìṣòro.

Ṣé ìjọ ni èyí?

Ìbéèrè àtijọ́ tún dìde. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbé ọwọ́ lé Oshoffa lórí, ìjọ kankan kò sì yàn án ní àlùfáà. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó pè é, ìwòsàn àti ìran sì ni ẹ̀rí.

Bí ẹ bá wo ìsìn wọn, ẹ ó rí àbẹ́là, tùràrí àti sùtánà bí ti Àgùdà. Ẹ ó sì rí Bíbélì, ìwàásù àti orin ní èdè ìlú bí ti Mẹ́tọ́díìsì. Èèwọ̀ ni ọtí, tábà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ìbọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n oníyàwó púpọ̀ lè wọlé. Oshoffa pàápàá ní ju ìyàwó kan lọ. Èyí lòdì sí ẹ̀kọ́ ìjọ méjèèjì tó ṣáájú.

Síbẹ̀ ìjọ náà tàn kálẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950, àwọn apẹja Ègùn gbé e dé Mákòkó ní Èkó. Ìjọba Nàìjíríà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1958. Ìjọba Dàhòmì, tí ó di Benin ní ọdún 1975, fọwọ́ sí i ní ọdún 1965.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ní ọdún 1985, ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí Oshoffa ní Nàìjíríà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án. Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí.

Alexander Bada di olórí ní ọdún 1987, ó sì kú ní ọdún 2000. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọ náà pín. Àwọn kan ń tẹ̀ lé olórí ní Àjàṣẹ́, àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé olórí ní Nàìjíríà. Ẹ wò ó dáadáa: irú àríyànjiyàn tí ó wà láàárín Àgùdà àti Mẹ́tọ́díìsì ti wọ ilé Oshoffa náà. Ta ni ó jókòó sí àyè olùdásílẹ̀? Kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀?

Ìwé yìí kò ní dá ẹjọ́ náà fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ tí aládùúgbò kan ń sọ pé ìjọ ẹnì kejì kì í ṣe ìjọ, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun fi ń wọn ìjọ. Ẹ ó rí i pé òṣùwọ̀n ọwọ́ wọn kò dọ́gba.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni Oshoffa ń ṣe jẹun kí ó tó dá ìjọ sílẹ̀?
2. Kí ni Àgùdà fi ń mọ ìjọ tòótọ́? Kí ni Mẹ́tọ́díìsì fi ń mọ̀ ọ́n?
3. Báwo ni àwọn ẹlẹ́sìn tí ó yàtọ̀ síra ṣe ń gbé pọ̀ ní agbo ilé yín?