Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé ní Bàǹtè àti ní Savalou, ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Orúkọ rẹ̀ ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun. Ní ọdún 1935 ni wọ́n bí i ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ní ilẹ̀ Èkìtì, ní Nàìjíríà. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn. Ó tún kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Ìlú Ọba. Kò jókòó sí òkè òkun. Ó padà sí Ìbàdàn, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà.

Ẹ mọ wárápá. Ẹni tó ní i a ṣubú, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, itọ́ a máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Kí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe? Wọ́n á sá, wọ́n á ní itọ́ náà ń ranni. Ẹlòmíràn a ṣubú sínú iná, kò ní rí ẹni tí yóò fà á yọ.

Ọ̀ṣúntókun kò sá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìbàràpá láti mọ iye àwọn tó ní i. Ní Ayétẹ̀, nínú 1,000 ènìyàn, 37 ló ní wárápá. Ní Ìgbòọrà, tí kò jìnnà síbẹ̀, 5 péré ni. Kí ló fà á? Ó rò pé ìtọ́jú ìlera tó wà ní Ìgbòọrà ló ṣe é.

Nínú ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wà, tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí ara wọn létòlétò, bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìpàdé. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn a ṣubú. Ìbímọ tó nira lè fà á, ibà tó wọ ọpọlọ lè fà á, ọgbẹ́ orí náà lè fà á. Nínú àwọn ẹlòmíràn, láti inú oyún ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kò ti sí ní ipò wọn, tí àwọn kan sì tóbi jù. Ní ọdún 1971 ni àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀n ṣe àlàyé irú èyí. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ṣẹ̀.

Ọ̀ṣúntókun kú ní ọdún 1995. Ẹ jẹ́ kí a lo ìmọ̀ tó fi ayé rẹ̀ wá. Wárápá kì í ranni. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ gbé e kúrò nítòsí iná àti omi. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, nítorí ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Bó bá sọjí, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ kì í ṣubú mọ́. Wọ́n ń lọ sí oko, wọ́n ń lọ sí ọjà, wọ́n sì ń kọ́ ìwé bíi tiyín.