Leon Theremin, Ẹni Tó Ṣe Ohun Èlò Orin Tí A Kì Í Fọwọ́ Kàn

Ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí Leon Theremin ní 1896. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́, ó sì tún ń ta sẹ́lò, ìyẹn gòjé ńlá tí wọ́n máa ń jókòó ta.

Ní 1920, ó ń ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n fẹ́ fi máa wọn gáàsì. Ló bá rí i pé tóun bá na ọwọ́ sún mọ́ ọn, ìró ẹ̀ á yí padà. Ẹlòmíì á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá orin tó mọ̀ lórí sẹ́lò.

Irin méjì ló wà lára ohun èlò tó ṣe. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá sún mọ́ èyí tó dúró ṣánṣán, ohùn á lọ sókè. Tí ọwọ́ òsì bá sún mọ́ èkejì, ariwo á rọlẹ̀. Ó jọ gángan tí onílù ń fún mọ́ abíyá, àmọ́ kò sí ọṣán kankan níbí, afẹ́fẹ́ lásán ni! Téèyàn bá mira díẹ̀ báyìí, orin ti bàjẹ́.

Lenin fúnra rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ wò ní 1922. Nígbà tí Theremin dé New York, ó tún ṣe pẹpẹ kan tí oníjó á máa jó lórí ẹ̀, tí ijó náà á sì di orin. Clara Rockmore, tó ń ta fáólìnì tẹ́lẹ̀, ló wá mọ theremin lò jù. Theremin fẹ́ Lavinia Williams, oníjó aláwọ̀ dúdú.

Ní 1938 ó padà sí Rọ́ṣíà, ìyàwó ẹ̀ ò bá a lọ. Ọdún kejì ni ìjọba mú un, wọ́n rán an lọ sí Kolyma, ibi tí òtútù ti ń pa èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa ṣe ẹ̀rọ fún wọn nínú ẹ̀wọ̀n. Ó ṣe èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìní bátìrì. Wọ́n fi í sínú àmì ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n fi igi gbẹ́, àwọn ọmọ iléèwé bíi tiwa ló gbé e fún aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow ní 1945. Ó wà lára ògiri ẹ̀ níbẹ̀, 1952 ni wọ́n tó já a.

Èyí tó dùn mí jù nìyí: 1991 ni Theremin tó tún dé New York, Lavinia sì ti kú ní 1989. Clara ló bá láyé, ó ti darúgbó. Theremin kú ní Moscow ní 1993, ẹni ọdún 97.