Thomas Edison àti Ìbéèrè Rẹ̀

Ní 1847 ni a bí Thomas Edison ní Amẹ́ríkà. Oṣù díẹ̀ péré ni ó lò ní ilé-ìwé; síbẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn tí ó sì ń sọ ọ́ padà, ní 1877.

Ní 1921, ó fi nǹkan bí 150 ìbéèrè dán àwọn tí ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wò. Ó bi wọ́n ní àwọn ilẹ̀ tí ó bá Faransé pààlà, àti ibi tí odò Volga wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó kùnà. Bóyá irú rẹ̀ ìbá ti ilẹ̀kùn mọ́ Edison fúnra rẹ̀ nígbà èwe.

Nígbà tí èmi ń wá iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ìwé mẹ́fà, wọ́n bi mí bí mo ti lè mọ gíga igi àgbọn láìgùn ún. Mo ronú, mo sì fi òjìji rẹ̀ wé òjìji ọ̀pá tí mo mọ gígùn rẹ̀. Wọ́n gbà mí.

Edison kú ní 1931. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́la àwa ni yóò máa bi ọmọ léèrè: ẹ jẹ́ kí a wá ọgbọ́n inú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó há sórí nìkan.